Ṣé eré ni, àbí ètò ìlú? Ohun tó wà nídìí bí wọ́n ṣe ń pe ará ìlú wá ṣeré kí wọ́n tó fọwọ́ kan ilẹ̀

Ní ọdún 2016, ní ìlú Hamburg lórílẹ̀-èdè Jámánì, àwọn ènìyàn tí wọn ò mọra wọn rí dúró yí tábìlì kan ká. Ìmọ́lẹ̀ ń tàn láti òkè sórí tábìlì náà, ó sì ń ya àwòrán ilẹ̀ àdúgbò wọn síbẹ̀: títì, odò, ilé ẹ̀kọ́, ilẹ̀ tó ṣófo. Ẹnì kan nawọ́, ó mú bíríkì rọ́bà kékeré kan, irú èyí tí àwọn ọmọdé fi ń kọ́lé ìṣeré, ó gbé e lé ilẹ̀ kan tó ṣófo. Kọ̀ǹpútà rí i. Ó ka iye ènìyàn tí ilẹ̀ náà lè gbà, ó sì sọ ohun tí ìlú mọ̀ nípa ilẹ̀ ọ̀hún. Ẹlòmíì ní rárá o, ibẹ̀ kọ́. Ẹnì kẹta ní kí ló dé tó jẹ́ pé àdúgbò tàwọn ni wọ́n máa ń gbé irú nǹkan báyìí wá. Ni àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀.

Téèyàn bá wo bíríkì ọwọ́ wọn, á ní eré ni. Ṣùgbọ́n ibi tí àwọn tí ogun lé kúrò nílé máa sùn ni wọ́n ń wá.

Irú eré báyìí ti ń pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣètò ìlú káàkiri ayé, awuyewuye tó ń bá a rìn náà sì ń pọ̀. Àwọn kan ní ìjọba ń fi ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn mìíràn ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tẹ́nikẹ́ni máa bi àwọn ní ohun táwọn fẹ́. Ohun tó tún ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń jiyàn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lohun tí wọ́n ní lọ́kàn, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń pè é.

Kí ni wọ́n ń pè ní eré yìí gan-an?

Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní serious games. Clark Abt, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí sí Jámánì, ló sọ orúkọ náà di ohun tí gbogbo ayé ń lò nígbà tó fi ṣe àkọlé ìwé rẹ̀ lọ́dún 1970. Ohun tó ní lọ́kàn kò le: eré tí ẹni tó gbé e kalẹ̀ ti mọ ẹ̀kọ́ tó fẹ́ fi kọ́ni kó tó bẹ̀rẹ̀, tí ìgbádùn kì í sì í ṣe olórí ìdí rẹ̀. Abt fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé èyí kò ní kí eré ọ̀hún má dùn. A óò máa pè é ní eré onípinnu níhìn-ín, torí ìpinnu ni gbogbo rẹ̀ dá lé: ta ló máa gba ilẹ̀ wo, kí la máa náwó sí, kí la máa fi sílẹ̀.

Kì í ṣe dandan kó wà lórí kọ̀ǹpútà. Ó lè jẹ́ káàdì àti dáìsì lórí tábìlì. Ó lè jẹ́ páálí, ìdérí ìgò àti okùn tí àwọn ènìyàn fi kọ́ àdúgbò kékeré kan sílẹ̀. Ó sì lè jẹ́ géèmù tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti mọ̀ dunjú nílé kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtifi ṣe iṣẹ́ ìlú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú nìyí. Bí ìjọba ìlú bá gbé áàpù jáde tó ń fún yín ní máàkì nígbàkúùgbà tí ẹ bá sọ pé gọ́tà kan ti dí, eré onípinnu kọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ lásán ni wọ́n fi iyọ̀ díẹ̀ sí. Bí wọ́n bá sì ya gbogbo ìlú sórí kọ̀ǹpútà, ilé sí ilé, títì sí títì, tí ẹ kàn ń wò ó lásán, àwòrán nìyẹn náà. Eré bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ní ipò kan tí ẹ dì mú, tí òfin wà, tí ẹ gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan kí ẹ fi èkejì sílẹ̀, tí ohun tí ẹ yàn sì máa yí nǹkan padà fún ẹni tó jókòó sí òdìkejì tábìlì. Ohun tó kẹ́yìn yẹn ló ṣòro jù láti gbé kalẹ̀. Òun náà ni ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní eré kò ní.

Ṣé ohun tuntun ni?

Rárá. Àwọn ológun ilẹ̀ Prussia, ìjọba àtijọ́ kan ní apá ibi tó di Jámánì, ti ń fi eré orí tábìlì kọ́ àwọn ọ̀gágun wọn ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn onímọ̀ ètò ìlú ní Amẹ́ríkà gbà á lọ́wọ́ wọn. Richard Duke ṣe tirẹ̀, ó pè é ní Metropolis, ìlú Lansing ní ìpínlẹ̀ Michigan ló sì fi ṣe àpẹẹrẹ: ẹnì kan á ṣe òṣèlú, ẹlòmíì á ṣe oníṣòwò ilẹ̀, ẹlòmíì á ṣe òṣìṣẹ́ ètò ìlú, wọ́n á wá du owó ìlú mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ní yunifásítì Cornell, Allan Feldt gbé eré mìíràn kalẹ̀ lórí bí ilẹ̀ ṣe ń di ilé, tí ilé ń di owó orí, tí owó orí tún ń di títì.

Ìgbà yẹn ni ìgboyà pọ̀ pé kọ̀ǹpútà máa yanjú ọ̀rọ̀ ìlú. Kò pẹ́ tí ìgboyà náà fi rọ̀. Ní 1973, Douglass Lee, onímọ̀ ètò ìlú ní Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan tó dà bí orin arò fún àwọn ìṣirò ńláńlá wọ̀nyí: wọ́n tóbi jù, wọ́n ń jẹ owó, ìsọfúnni tí wọ́n ń béèrè fún kò lópin, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n ń sọ kì í sábà bá ohun tójú ń rí mu. Fún bí ogún ọdún, ọ̀rọ̀ eré nínú ètò ìlú kò gbóná mọ́.

Ọ̀nà ilé àwọn èwe ló gbà padà wọlé. Géèmù SimCity, tí ẹni tó ń gbá a ti ń kọ́ ìlú tó sì ń ṣàkóso rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, jáde ní 1989, ọ̀pọ̀ ọmọ tó gbá a ló sì dàgbà di onímọ̀ ètò ìlú. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì wá kárí, tí kọ̀ǹpútà sì di ohun tí wọ́n ń gbé kiri, àwọn kan ní Boston bẹ̀rẹ̀ sí í mú ará àdúgbò wọ inú ayé orí kọ̀ǹpútà láti rìn káàkiri ọgbà tí wọn ò tíì kọ́.

Ṣé ìpàdé kò tó ni?

Ọ̀pọ̀ ibi ni òfin ti sọ pé ìjọba gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn ará ìlú kó tó yí ètò àdúgbò padà. A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti lọ sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ mọ bó ṣe ń rí. Àwòrán ńlá wà lára ògiri, tó kún fún ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ àti àmì tí ẹni tó yà á nìkan lè kà. Ọ̀gá kan á sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Wọ́n á wá fún ará ìlú ní gbohùngbohùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ tàbí tínú ń bí jù ló máa gbà á. Ẹni tó ń ta ọjà kò sí níbẹ̀, ìyá ọlọ́mọ kékeré kò sí níbẹ̀, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kò sí níbẹ̀. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti bá ará ìlú sọ̀rọ̀.

Sherry Arnstein, obìnrin ará Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ lórí ìkópa ará ìlú, ti sọ̀rọ̀ lórí èyí láti 1969. Ó fi ìkópa ará ìlú wé àkàsọ̀ onípele mẹ́jọ. Ìpele méjì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá kì í ṣe ìkópa rárá: ẹ̀tàn ni, tàbí kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ dídùn tu yín lójú. Mẹ́ta tó wà láàárín ni kí wọ́n sọ fún yín, kí wọ́n bi yín, kí wọ́n fi nǹkan díẹ̀ pa yín lẹ́nu mọ́. Òkè, níbi mẹ́ta tó kù, ni agbára ti ń dé ọwọ́ ará ìlú. Àkàsọ̀ yìí ṣe pàtàkì torí pé òun ni àwọn alátakò eré fi ń wọn gbogbo rẹ̀ títí dòní: eré yín ti dára, ìpele wo ló wà?

Àwọn tó fara mọ́ eré ní ohun tí ìpàdé kò lè ṣe ni eré ń ṣe. Àkọ́kọ́, ó ń pín ọ̀rọ̀. Bó bá kan yín, ó kan yín. Ẹni tó ní ohùn ńlá kò lè gba ìdúró yín. Èkejì, ọwọ́ ló ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, kì í ṣe ẹnu nìkan. Ẹni tí kò lè ka àwòrán ilẹ̀ lè gbé bíríkì. Ẹ̀kẹta, àṣìṣe kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan: ẹ lè wó afárá lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú eré kí ẹ tó rí i pé ibi tí ẹ gbé e sí kò dáa.

Ìkẹrin ló jinlẹ̀ jù, ó sì yẹ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀. Eré lè fi yín sínú awọ ẹlòmíì. Ní 2010, ní àdúgbò Chinatown ní Boston, wọ́n pe ará àdúgbò wá síwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì fún kálukú ní ènìyàn kan tí wọ́n máa jẹ́ nínú géèmù. Ẹni tó ní ilé lè di ẹni tó ń wá yàrá tí owó rẹ̀ máa ká. Ọmọ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa lè di àgbàlagbà tí kò gbọ́ ọ. Iṣẹ́ tí wọ́n rán kálukú kò pọ̀: ẹ lọ wá iṣẹ́, tàbí ilé, tàbí ibi tí ẹ ti lè rí ẹgbẹ́ yín. Ẹ ó máa rìn ní àdúgbò tí ẹ mọ̀ bí ẹní mowó, tí iṣẹ́ tí ẹ rí kò gbà yín, tí ilé tí ẹ rí ti kọjá agbára yín. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá bi wọ́n léèrè pé irú àdúgbò wo ni wọ́n fẹ́. Èrò àwọn tó gbé e kalẹ̀ ni pé ẹni tó ti fi wákàtí kan jẹ́ ẹlòmíì kò ní dáhùn bíi ti tẹ́lẹ̀.

Kí ni Minecraft ń wá nínú ọ̀rọ̀ ìlú?

Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ nípa rẹ̀ jù. Minecraft jẹ́ géèmù tí àpótí onígun mẹ́rin mẹ́rin kún inú rẹ̀. Ẹ ń gbẹ́ ẹ, ẹ ń tò ó léra. Ilé-iṣẹ́ Mojang ní Sweden ló ṣe é. Ní Sweden níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò, kí ará àdúgbò fi tún àyíká wọn yà. Ní 2012, àjọ UN-Habitat, tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìlú àti ibùgbé fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, bá wọn dòwò pọ̀, wọ́n sì pe iṣẹ́ náà ní Block by Block. Kibera ní Nairobi, lórílẹ̀-èdè Kenya, ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó, lórí pápá ìṣeré kan tí wọ́n ń pè ní Silanga.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò ju báyìí lọ. Ẹnì kan á kọ́kọ́ ya ibi tí ọ̀rọ̀ kàn sínú géèmù bó ṣe wà gan-an. Àpótí kan nínú géèmù dúró fún mítà kan, ìyẹn ni pé bí igi bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nínú géèmù. Àwọn olùkópa á wá jọ rìn dé ibẹ̀ lẹ́sẹ̀, wọ́n á wo ibi tó ṣókùnkùn, ibi tí omi ń dúró sí, ibi tí àwọn obìnrin kì í gbà kọjá lálẹ́. Wọ́n á padà, mẹ́ta tàbí mẹ́rin nídìí kọ̀ǹpútà kan, ọ̀dọ́ pẹ̀lú àgbà. Ọmọ ló máa ń di asin kọ̀ǹpútà mú, àgbà á máa tọ́ka pé, "Rárá, gbé ìjókòó yẹn sábẹ́ igi, oòrùn á pa wá níbẹ̀." Níkẹyìn, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á dìde síwájú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n á sì rìn wọ́n káàkiri inú ohun tí wọ́n kọ́.

Lẹ́yìn Kibera, ó dé ìlú púpọ̀. Ní Les Cayes ní Haiti, àwọn apẹja wà lára àwọn tó ya etíkun tí wọ́n fẹ́. Ní Hanoi ní Vietnam, àwọn ọmọbìnrin ni wọ́n gbé síwájú, wọ́n sì fi géèmù náà tọ́ka sí ibi tí ọkàn wọn kì í balẹ̀ lójú ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ àti ohun tó lè tún un ṣe. Ẹ kíyè sí i: iná ojú títì àti ibi tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn kì í ṣe ohun tuntun sí onímọ̀ ètò ìlú. Ohun tó jẹ́ tuntun ni ẹni tó ń sọ ọ́.

Ohun kan wà tí àwọn alátakò kì í jẹ́ kó kọjá lọ. Ní 2014, Microsoft ra Mojang. Láti ìgbà náà, wọ́n ní, ibi tí iṣẹ́ ìlú parí sí àti ibi tí ìpolówó ọjà ti bẹ̀rẹ̀ kò hàn dáadáa mọ́. Àwọn tó ń ṣe é fèsì pé ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti pọ̀ làwọn ń bá wọn, àti pé pápá tó wà nílẹ̀ sàn ju àròyé lọ.

Kí ló ti Hamburg jáde?

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí tábìlì. Ní 2015, àwọn asásàálà tó wọ Jámánì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900,000, Hamburg sì gbọ́dọ̀ gba ìpín tirẹ̀. Ibi tí wọ́n máa gbé kò sí. Ìjọba ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í gbèrò ibùdó ńláńlá, àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ ọ́, wọ́n sì ń kó ìbuwọ́lùwé jọ. Olaf Scholz, tó jẹ́ olórí ìlú náà nígbà yẹn, tó wá padà di olórí ìjọba gbogbo Jámánì, ní kí yunifásítì HafenCity tó wà nílùú náà wá ọgbọ́n kan dá. Wọ́n bá àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ pọ̀, tábìlì ìmọ́lẹ̀ náà sì jáde. Finding Places ni wọ́n pè é.

Àgbègbè méjèèje tó wà ní Hamburg ni wọ́n yí ká. Nǹkan bí 400 ènìyàn ló wá sídìí tábìlì náà nínú ìpàdé tó lé ní 30. Wọ́n fẹnu kò lórí ilẹ̀ bí 160. Wọ́n kó o fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba láti yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé òfin gbà á, ṣé omi kì í bò ó, ṣé ariwo kò pọ̀ jù níbẹ̀, ta ló nilẹ̀? 44 ló yè é. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú 44 náà ni wọ́n gbé ìgbésẹ̀ lé lórí, nígbà tí iye àwọn asásàálà tó ń wọlé sì ti lọ sílẹ̀ gan-an.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ka èsì yìí, àwọn méjèèjì sì ní ẹ̀rí. Apá kan ní ẹ wò ó bí ó ṣe rí: 400 ènìyàn fi àsìkò wọn sílẹ̀, ìjọba sì da mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tí wọ́n mú wá nù. Apá kejì ní ibẹ̀ gan-an ni èrè wà. Wọ́n ní ìlú tó ti ń ko ara rẹ̀ lójú dúró sídìí tábìlì kan náà, kálukú fojú ara rẹ̀ rí i pé ilẹ̀ tó dà bí ẹni ṣófo kì í ṣófo, àti pé ìjọba ní láti sọ ìdí fún ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó kọ̀. Ìdí yẹn ni ará ìlú kì í sábà gbọ́ tẹ́lẹ̀.

Ta ló ń kọ òfin eré náà?

Èyí ni mo rò pé ó yẹ kí ọ̀rọ̀ dá lé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń bá ara wọn jà lórí "ṣé eré ni àbí òótọ́" kì í débẹ̀.

Gbogbo eré ló ní òfin, gbogbo òfin ló sì ní ẹni tó kọ ọ́. Ẹ wo SimCity. Will Wright, tó ṣe é, gba ọ̀pọ̀ èrò láti inú ìwé kan tí Jay Forrester ti yunifásítì MIT kọ ní 1969 lórí bí ìlú ṣe ń dàgbà tó sì ń rọ. Forrester kì í ṣe onímọ̀ ètò ìlú, onímọ̀ ẹ̀rọ ni. John Collins, tó ti ṣe olórí ìlú Boston rí, ló fún un ní ìmísí. Ara ohun tí ìṣirò rẹ̀ sọ ni pé kíkọ́ ilé fún àwọn tí owó wọn kéré máa ń ba ìlú jẹ́ sí i. Àwọn ènìyàn bá a jiyàn gidi gan-an nígbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ bá wọ inú géèmù tán, ta ni yóò bá a jiyàn? Ẹ kò rí i. Ohun tí ẹ rí ni pé ìlú yín ń dàgbà tàbí kò dàgbà.

Àpẹẹrẹ kan wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ẹ̀dà SimCity tó jáde ní 2013, Stone Librande, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tó gbé e kalẹ̀, lọ wo bí ibi ìgbọ́kọ̀sí ṣe tóbi tó ní ìlú gidi. Ẹnu yà á. Ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé báwọn bá fi í sínú géèmù bó ṣe rí lóòótọ́, géèmù náà kò ní dùn, torí ibi ìgbọ́kọ̀sí nìkan ni ẹ óò máa wò. Nítorí náà wọ́n dín in kù. Fún géèmù tí wọ́n ń tà fún ìgbádùn, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi irú rẹ̀ bi ará àdúgbò pé ṣé wọ́n fẹ́ títì mìíràn, títì tí kò ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ni wọ́n dìbò fún. Àwọn ìlú kan ti lo géèmù ọjà bẹ́ẹ̀: Cities: Skylines, tí àwọn ará Finland ṣe tó sì jáde ní 2015, ni wọ́n lò ní Stockholm níbi ìjíròrò lórí àdúgbò tuntun kan. Ohun tó dá yàtọ̀ ni pé àwọn onímọ̀ wà níbẹ̀ tó mọ ibi tí géèmù náà kò ti bá òótọ́ mu.

Òfin eré tún lè ṣiṣẹ́ lọ́nà tí ẹni tó kọ ọ́ kò fẹ́. Ní 1904, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Lizzie Magie, gba àṣẹ ìjọba lórí eré kan tó pè ní The Landlord's Game. Ó gbé e kalẹ̀ láti fi han àwọn ènìyàn pé bí ẹnì kan bá ń gba owó lórí ilẹ̀ ṣáá, gbogbo àwọn tó kù ló máa di òtòṣì. Ó kọ òfin lóríṣi méjì, ọ̀kan tí ẹnì kan ti ń gbé gbogbo rẹ̀ mì, èkejì tí ọrọ̀ ilẹ̀ ti ń kárí gbogbo ènìyàn. Èyí tó la àwọn ọdún já, tó di Monopoly, ni èyí tí ẹnì kan ti ń gbé gbogbo rẹ̀ mì.

Kí ni àwọn tó ń takò ó ń sọ?

Ohùn wọn kì í ṣe ọ̀kan. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ilé gbígbé ní ẹni tí katakata fẹ́ wó ilé rẹ̀ kò nílò dáìsì, agbẹjọ́rò ló nílò. Lójú tiwọn, pípe irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá ṣeré jẹ́ ìwọ̀sí, àgàgà bí ìpinnu bá ti wáyé níbòmíràn. Wọ́n ní ìpele ìsàlẹ̀ lórí àkàsọ̀ Arnstein ni irú eré bẹ́ẹ̀ wà, bó ti wù kó dùn tó.

Àwọn mìíràn kò kọ eré, ẹni tó ń wá ṣe é ló ń kọ wọ́n lóminú. Géèmù orí kọ̀ǹpútà ń fa ọ̀dọ́, ó sì ń lé àgbà. Eré tó gba wákàtí mẹ́rin ní ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ ti yan àwọn tó máa wá kí wọ́n tó pè wọ́n. Ẹni tó mọ géèmù gbá á máa borí lórí tábìlì, kódà bí kò bá mọ àdúgbò náà dáadáa.

Láàárín àwọn onímọ̀ ètò ìlú fúnra wọn, ẹ̀rù tó wà níbẹ̀ yàtọ̀. Òfin ètò ìlú mọ ìwé ẹ̀hónú, ó mọ àkọsílẹ̀ ìpàdé. Kí ló fẹ́ fi ilé tí ọmọ kan kọ́ nínú Minecraft ṣe? Bí òṣìṣẹ́ bá gbé e dé ọ́fíìsì, ta ló máa tú u sí èdè tí ìwé àdéhùn iṣẹ́ gbà? Níbi ìtumọ̀ yẹn, wọ́n ní, ni ọ̀pọ̀ nǹkan ti ń sọnù.

Ṣé ẹ̀rí wà pé ó ń ṣiṣẹ́?

Ó dá lórí ohun tí ẹ bá pè ní iṣẹ́. Púpọ̀ ìwádìí ló ń bi àwọn olùkópa léèrè ní kété tí eré parí: ṣé ẹ kọ́ nǹkan, ṣé ẹ gbọ́ ara yín yé? Wọ́n sábà máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìwádìí tó padà lọ ní ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà láti wo ohun tí wọ́n kọ́ sílẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, torí ètò ìlú máa ń pẹ́, àwọn olóṣèlú ń yí padà, owó ìwádìí sì ti máa ń tán.

Ekim Tan, tó dá iléeṣẹ́ Play the City sílẹ̀ ní Amsterdam, gbé ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Ó ti lo eré orí tábìlì ní ìlú púpọ̀, títí kan Cape Town, níbi tí wọ́n ti ṣe tiwọn lórí àdúgbò Khayelitsha. Ohun tó ń tẹnu mọ́ ni pé kí àwọn tó ní agbára gan-an jókòó sídìí eré náà: ẹni tó nilẹ̀, ẹni tó lówó, ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé, pẹ̀lú ará àdúgbò. Nígbà yẹn, ìdúnàádúrà ni eré náà. Bí ará àdúgbò nìkan bá jókòó, ìdánwò ìmọ̀lára lásán ni.

Ṣé ibì kan wà tí eré ti so mọ́ owó?

Ó wà. Ní Detroit, ní 2012, eré kan tí wọ́n ń pè ní Community PlanIt jẹ́ kí ará ìlú máa dáhùn ìbéèrè lórí ọjọ́ iwájú ìlú wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì máa gba owó eré. Owó eré yẹn ni wọ́n ń fi ti iṣẹ́ àdúgbò tí wọ́n fẹ́ lẹ́yìn, àwọn iṣẹ́ tó bá sì gbapò iwájú á gba owó gidi. Owó náà kéré, ṣùgbọ́n ojú ló rí i.

Helsinki, olú-ìlú Finland, lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀. Ní 2018, ìlú náà ya mílíọ̀nù 4.4 owó yúrò sọ́tọ̀ fún ètò OmaStadi, kí ará ìlú fúnra wọn sọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Ìjọba ṣe eré káàdì kan tí ẹgbẹ́ èyíkéyìí lè fi tábìlì kan ṣe, láti ran wọ́n lọ́wọ́ kí wọ́n lè sọ èrò di àbá: ta ló máa jàǹfààní rẹ̀, ibo ló máa wà, kí ló lè dí i lọ́wọ́? Àbá tó wọlé lé ní 1,200. Kì í ṣe pé ohun gbogbo lọ geerege o. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlú yọ àwọn àbá tí òfin kò gbà, wọ́n da àwọn tó jọra pọ̀, àwọn kan nínú àwọn tó mú àbá wá sì ní àwọn ò dá ọmọ tàwọn mọ̀ mọ́ nígbà tó jáde.

Ohun tó kù lẹ́yìn náà ni ìbò. Ẹnikẹ́ni tó ń gbé nílùú náà, tó bá ti pé ọmọ ọdún 12 lọ́dún ìdìbò náà, ló lè dì í. Iṣẹ́ tó bá wọlé, ìlú gbọ́dọ̀ ṣe é.